Ẹyẹ Òkun Méjì Tó Jọra

Bí mo bá ti já páálí ẹja ní ìsọ̀ mi ní Ìdímù, tí òórùn òkun kọlu imú mi, ọ̀sán tí bàbá mi mú mi lọ sétí òkun ni mo máa ń rántí.

A bá obìnrin kan lórí yanrìn gbígbóná. Ọmọ rẹ̀, tó ní èjí bíi tèmi, fò mọ́ bàbá mi.

Bàbá mi ní, "Má wò wá jàre, wo ẹyẹ! Méjèèjì funfun, àbí? Èyí tí àgógó ẹ̀ pupa ló sanra. Ti yẹ́lò ló tín-ín-rín. Ohun tó o máa sọ fún màmá ẹ nìyẹn."

Mo kà á fún màmá mi, mi ò ṣi ọ̀kan. Ó pàtẹ́wọ́: "Tíṣà mi!"

Èmi ọ̀mọ̀ràn! Mo dá ẹyẹ mọ̀, mi ò dá àbúrò mi mọ̀.