Orúkọ Tí Ulluriaq Fi Pamọ́

Ulluriaq kò mọ ohun tí à ń pè ní ìbáwí títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe pé wọ́n kẹ́ ẹ bà jẹ́ o. Orúkọ ló fà á. Oyún rẹ̀ wà níkùn ìyá rẹ̀ nígbà tí yìnyín òkun já mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ulluriaq, tí omi sì gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà lóbìnrin, ẹnikẹ́ni ò janpata. Orúkọ kò mọ akọ, kò mọ abo. Wọ́n fún un lórúkọ olóògbé, láti ọjọ́ náà ni Kublu, bàbá tó bí i, sì ti ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi." Ta ló máa gbójúgbóyà bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí? Bí ọmọ náà bá da omi gbígbóná nù, Kublu á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò jó yín?" Bí wọ́n bá pa àgbọ̀nrín, ahọ́n rẹ̀, ibi tó dùn jù lára ẹran, ti Ulluriaq ni.

Níbí ní Nunavut, ilẹ̀ yìnyín ní àríwá Kánádà, bí àlejò bá bi ọ́ pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ, wàá dá a lóhùn. Ulluriaq, ìràwọ̀ ni. Kublu, àtàǹpàkò ni. Ṣùgbọ́n ta ni ìyẹn kàn? Ohun tí àgbà máa bi ọ́ ni pé: orúkọ ta ni? Torí ẹni tó kú ló ń bá orúkọ padà wá, ọmọ rẹ̀, aya rẹ̀, gbogbo ẹni tó ní kó tó kú ló sì ṣì jẹ́ tirẹ̀. Àlùfáà dé láti gúúsù, ó ṣèrìbọmi fún Ulluriaq, ó pè é ní Ilisapi. Ìjọba náà dé, wọ́n ní orúkọ wa ń dojú rú mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n fín nọ́ńbà sára àwo róbótó kan, wọ́n ní kó máa so ó mọ́rùn. Ó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó dúpẹ́, ó sì ń bá Ulluriaq rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó dé ilé ọkọ ni ojú rẹ̀ rí màbo.

Panikpak ni ìyá Amaruq ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ tún mú ju ojú lọ. Ulluriaq rán bàtà àkọ́kọ́ fún ọkọ rẹ̀, awọ síìlì, ẹran inú òkun, ló fi rán an, Panikpak gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi kún inú rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára òpó àgọ́, ó jókòó tì í. Omi kán tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ìyàwó, ọkọ rẹ lo rán bàtà fún ni, àbí ẹja? Torí ẹja nìkan ni ọ̀rọ̀ omi ò kàn."

Ó fi ọ̀bẹ tú gbogbo ojú okùn tán, ó dá awọ padà fún un. Ulluriaq tún un rán, Panikpak tún un tú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ó ń sunkún sínú awọ síìlì. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, omi ò jò. Panikpak da omi náà nù, ó wo bàtà, ó wo ìyàwó, ó ní, "Ebi ń pa mí." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Mo mọ Panikpak dáadáa, n ò sì ní tìtorí pé ó ti kú kí n máa parọ́ fún yín. Obìnrin náà le. Àmọ́ kò sí ọkùnrin kan tó jáde nílé rẹ̀ tí yìnyín gé lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ rí, ẹ fi ìyẹn sí i. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni Ulluriaq fi jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ọmọ márùn-ún ló bí níbẹ̀, etí rẹ̀ ò sì gbọ́ "o ṣeun" lẹ́nu obìnrin yìí lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Panikpak ò gbé e mọ́, ọmọbìnrin mẹ́ta tó bí ń gbé láàárín ìletò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú un lọ sílé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú gbogbo wọn ti pọ́n. Ọ̀dọ̀ Ulluriaq ló wá jókòó sí fún ọdún mẹ́ta. Ulluriaq ń wẹ̀ ẹ́, ó ń ya irun rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un lómi ẹran.

"Ó gbóná jù."

"Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ, Màmá."

"Ó ti wá tutù báyìí."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé. Leetia, àbígbẹ̀yìn Ulluriaq, ti lóyún oṣù mẹ́ta nígbà náà. Arúgbó fi ọwọ́ ti ṣíbí sẹ́yìn.

"Ìyàwó."

"Màmá."

"Èyí tó wà níkùn Leetia yẹn, èmi ni. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè mí."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ọjọ́ kẹjọ, Panikpak kú. Ulluriaq fọ òkú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sunkún rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Kò sọ ọ́ fún Amaruq, kò sọ ọ́ fún Leetia. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ kíákíá. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé: bí ọmọ yẹn bá jẹ́ Panikpak, ìyá ọkọ mi náà ni mo tún fẹ́ máa pè é láti ìkókó. N ò ní lè bá a wí. Òun ni n ó kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, òun ni n ó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí tíì bá tutù. Áà, ẹ jẹ́ kí n sinmi! Ta ló sì gbọ́ ọ yàtọ̀ sí èmi nìkan?

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lójú ọ̀run, bàálù gbé Leetia lọ sí Iqaluit, ìlú tí ilé ìwòsàn wà, ibẹ̀ ló ti bímọ. Ó tẹ ìyá rẹ̀ láago.

"Mọ́mì, ọkùnrin ni! Orúkọ ta ni?"

"Kublu ni," ni Ulluriaq wí. "Bàbá mi ni."

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ara rẹ̀ nìkan ni Ulluriaq wò. Bàbá rẹ̀ olóògbé tó kẹ́ ẹ ló fẹ́ kó padà wá kẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dùn mọ́ ọn nínú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ dé ilé, igbe dé. Bí Leetia bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á tu ú dànù, á na ẹsẹ̀ gbọọrọ, á figbe ta. Wọ́n fún un ní fídà, ó kọ̀ ọ́. Wọ́n pọ̀n ọ́n sínú ẹ̀wù ìpọnmọ, wọ́n fi rìn yí ilé ká, òfo ni. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, kò rí àìsàn kankan. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó gbọn orí.

"Ó ń rù. Bí kò bá sanra díẹ̀ sí i títí di Ọjọ́bọ̀, a ní láti gbé e wọ bàálù lọ sí ilé ìwòsàn ńlá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Leetia gbá ọmọ mọ́ra. Ọmọ tó kéré tó báyẹn, ibo ni wọ́n tún fẹ́ gbé e lọ?

"Kò sí oògùn tí wọ́n máa fún un níbẹ̀," ni Amaruq wí nígbà tí wọ́n délé. "Orúkọ ló ń wá. Orúkọ tí a fún un kò tó o."

Ó gbé ọmọ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òkú ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pe bàbá rẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ tí ikọ́ pa, ó pe ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣọdẹ. Igbe ni ọmọ fi ń dá a lóhùn. Orúkọ ìyá rẹ̀ nìkan ni kò pè, torí gbogbo ìletò ló gbà pé ilé Tatiggat, àkọ́bí Panikpak, ni ìyá máa gbà padà wá. Ọmọbìnrin Tatiggat náà lóyún lọ́wọ́lọ́wọ́, Amaruq ò sì fẹ́ já ìyá gbà mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Ulluriaq dúró nídìí sítóòfù, ó ń gbọ́. Búrẹ́dì tó ń dín jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ yìí lè kú, ẹnu rẹ̀ tó pa mọ́ ló máa pa á. Ó paná.

"Bàbá Leetia, ẹ dákẹ́. Mo mọ ẹni náà."

Ó sọ ọ́ tán, kò fi nǹkan kan pamọ́, títí dé orí ṣíbí omi ẹran.

"Mọ́mì!" ni Leetia ké. "Láti ìgbà tí òkun ti dì? Tí ọmọ mi sì ń joro lójú yín?"

Amaruq wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó jáde. Wọ́n ń retí kí alùpùpù yìnyín rẹ̀ dún, kò dún. Ó kàn dúró tì í níta ni, ó kẹ̀yìn sí ilé. Nígbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá mi ni o. Ìyá mi sọ̀rọ̀, o gbé e mì."

"Mo gbé e mì. Ẹ forí jì mí. Ó rẹ̀ mí ni."

"Kí ló dé tí kò ní rẹ̀ ọ́?" ni Amaruq wí. "Èmi tí wọ́n bí gan-an, ó rẹ̀ mí. Ó yá, pè é. Ìwọ ló rán níṣẹ́."

Ulluriaq gba ọmọ. Ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ètè rẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin ni? Ẹ má bínú. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ yín. Panikpak, ẹ káàbọ̀."

Ọmọ dákẹ́. N ò ní sọ fún yín pé ó rẹ́rìn-ín, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í rẹ́rìn-ín. Ó kàn dákẹ́, ó la ojú méjèèjì sí ìyàwó rẹ̀, ó wò ó kínníkínní, bí ẹni tó ń wá ibi tí bàtà ti jò. Leetia gbà á, ó fi ọmú sí i lẹ́nu. Ó mu ún. Ó mu ọ̀tún tán, ó kọjú sí òsì.

"Ọlọ́run, o ṣeun," ni Ulluriaq wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Bàbá ẹ àti ìyá mi nínú ikùn kan ṣoṣo!" ni Amaruq wí, ó ń nu ojú. "Ọmú yẹn máa dìjà."

"Panikpak, 'ọmọbìnrin ńlá,'" ni Leetia náà wí. "Ẹ wá wo ohun tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọmọbìnrin ńlá o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé tún fi bọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọmọ ti sanra díẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ní kí ni wọ́n ṣe fún un, Leetia ní, "A bẹ̀ ẹ́ ni."

Ìròyìn ò gbélé. Àwọn èèyàn ń wá kí Panikpak: èyí mú ìbọ̀wọ́ wá, èyí mú ẹja dídì, wọ́n ń pe ìkókó ní ìyá, ní àǹtí, ní ọ̀rẹ́ mi àtijọ́. Ulluriaq ń po tíì fún gbogbo wọn, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tatiggat ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Obìnrin náà ti rán aṣọ ìkókó de ìyá rẹ̀, kí ni Ulluriaq fẹ́ wí fún un?

Tatiggat dé ní ọjọ́ kẹta. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọmọ, ó fi imú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi," ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ni Ulluriaq wí. "Mo mọ̀ pé ilé yín ni ẹ—"

"Dákẹ́ ná, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo bẹ Ìyá lórí ibùsùn tó wà níbẹ̀ yẹn. Mo ní, 'Ìyá, ilé mi ni kẹ́ ẹ padà wá.' Wọ́n ní rárá, àwọn ti níbi tí àwọn ń lọ. Mo ní ta ló wá fẹ́ràn yín tó àwa ọmọ yín? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n wí?"

Ulluriaq gbọn orí.

"Wọ́n ní, 'Ẹ̀yin fẹ́ràn mi. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní sùúrù fún mi ni mò ń lọ.'" Tatiggat fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Gbogbo aboyún ìletò yìí ni mo ti ń wò láti ìgbà náà, tí mò ń bi ara mi pé ilé ta ni. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ta ló tún ní sùúrù fún ìyá mi láyé yìí?"

Ulluriaq na ọwọ́, Tatiggat sì gbé ọmọ fún un. Ó bú sẹ́kún, irú ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú pàápàá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti yó, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ó ní. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, bí kò tilẹ̀ ṣojú mi."