Torgrim Tí Kò Gba Afẹ́fẹ́ Gbọ́

Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Torgrim Skardet ni ọjọ́ tó jókòó lé báàgì ọmọ Denmark. Lórí àpáta gíga kan ní Norway ni, ibi tí àwọn olùfò ti máa ń gbé párásúùtì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n á sì bẹ́ sísàlẹ̀ bí ẹni tí ilé ayé sú. Jeppe, ọmọ Denmark náà, gbé báàgì kalẹ̀ kó lè so okùn bàtà rẹ̀. Kó tó gbójú sókè, bàbá arúgbó kan ti fìdí lé e, ó ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì.

"Bàbá, ẹ dìde! Párásúùtì mi lẹ jókòó lé."

"Mo mọ̀. Ó rọ̀ dáadáa."

"Afẹ́fẹ́ dára o. Fóònù mi ní kò sí ìjì."

"Fóònù rẹ ti gun òkè yìí rí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fò."

"Ní Denmark? Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé àkàbà ni òkè wọn?"

Torgrim kò kánjú jẹun. Ó ṣì ń lá ìka nígbà tí ìjì kan rú wá láti ìsàlẹ̀ àpáta, ó ṣí fìlà lórí Jeppe, ó sì gbá fìlà náà mọ́ òkúta tó wà lẹ́yìn wọn. Ká ní párásúùtì ti ṣí sínú afẹ́fẹ́ yẹn, Jeppe fúnra rẹ̀ ni ì bá gbá mọ́ òkúta. Àwọn kan ní bàbá ti mọ̀ pé ìjì ń bọ̀, àwọn mìíràn ní ebi ló kàn ń pa á. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé lórí ni ohun tó sọ bó ṣe ń dìde: "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, fìlà rẹ ló gbọ́n."

Inú Eldbjørg, olórí ẹgbẹ́ àwọn olùfò, kò kọ́kọ́ dùn sí bàbá yìí. Ènìyàn méjì ti kú lórí àpáta náà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, àwọn aláṣẹ àdúgbò sì ti búra pé bí ẹnì kan bá tún kú, àwọn á ti àpáta náà pa. Àpáta yẹn sì ni gbogbo ayé Eldbjørg. Ó kọ òfin sára pátákó, ó rì í mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Torgrim kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó ní pátákó kò lè di ènìyàn lẹ́sẹ̀ mú.

"Bàbá Torgrim, ẹ ń lé àwọn àlejò wa."

"Àwọn tí mo lé ṣì ń mí."

Eldbjørg yí ẹ̀yìn padà, ó lọ nu pátákó rẹ̀.

Bàbá náà kò gba ẹ̀rí tirẹ̀ gan-an gbọ́. Ó máa ń já bébà ìnùdí gígùn, á jù ú sétí àpáta kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bí bébà náà bá rọra ń sọ̀ kalẹ̀, tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn, òun á fajú ro. "Ó rọra jù. Irọ́ ló ń pa."

Àwọn ará òkè níbẹ̀ ní òfin àtijọ́ kan: kì í ṣe ìtìjú láti yí padà sẹ́yìn. Ẹnu lásán ni lọ́dọ̀ àwọn yòókù, àmọ́ Torgrim fi wáfù, àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ, tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá gun òkè, tí kò fò, tó fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀, á jẹ wáfù gbígbóná àti jáàmù nílé rẹ̀. Ẹni tó bá fò, omi tútù ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Sindre, olùfò tó lẹ́nu jù lọ nínú ẹgbẹ́, fò, ó balẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ pa bàtà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, mo yí padà o! Afẹ́fẹ́ ò dáa rárá."

Torgrim bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di orúnkún Sindre mú. "Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí, orúnkún rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ọkọ ìyàwó. Tìrẹ dúró bí òpó. Ó yá, gba omi."

Ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò kú. Àwọn aláṣẹ ní pátákó ló ṣiṣẹ́. Eldbjørg kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ó gbé àpò ìyẹ̀fun kan lọ sílé Torgrim. Bàbá wo àpò, ó wo Eldbjørg. "Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Ìgbà òtútù ló kú. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé àárẹ̀ ti mú ọkàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe dókítà mìíràn kó wá yẹ ti àkọ́kọ́ wò. Eldbjørg di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó sinmi, pé kò séwu lórí àpáta mọ́. Bàbá la ojú kan. "Òkú ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ gbé."

Nígbà tí yìnyín yọ́, gbogbo ẹgbẹ́ gun òkè láti fò ní ìrántí rẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Omi tó wà nísàlẹ̀ àpáta tẹ́ bíi dígí. Sindre ló kọ́kọ́ dé etí àpáta. Ó wo omi, ó wo ewé, ó wo ọ̀run títí.

"Ó dákẹ́ jù," ló wí.

"Èmi náà rí i," ni ẹlòmíràn dáhùn. "Bí ẹni pé ó ń tàn wá."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran gbogbo wọn, nígbà tó sì máa parí, àwọn kan ti ń nu ojú. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n tò sójú ọ̀nà, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ láìku ẹnì kan.

Ẹnu ya ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ti ń retí láti kó wọn níbi tí wọ́n ì bá balẹ̀ sí. "Eldbjørg, kí ló dé? Ṣé afẹ́fẹ́ burú ni?"

"Rárá o. Kò tíì dára tó báyìí rí."

"Kí ló wá ṣe yín?"

Eldbjørg rẹ́rìn-ín músẹ́. "A kàn fura ni."