Ohùn Kejì Lábẹ́ Ọdán

Wọ́n gé igi ọdán kan lẹ́yìn ilé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òórùn oje rẹ̀ wọ yàrá bá mi, mo sì rántí àfonífojì ìsàlẹ̀ Atikori, àdúgbò wa, nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú-ìlú gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn.

Lójú àwa ọmọdé, àwọn ọdán ibẹ̀ dàgbà ju ìlú lọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń bẹ́ wọn lórí, kí ewúrẹ́ àti àgbò lè rí ewé jẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Orí wọn wú bí ìkúùkù, inú wọn dá ihò. Nínú kùrukùru òwúrọ̀, wọ́n dà bí àwọn àgbààgbà tó dúró de ẹnìkan.

Ẹnikẹ́ni kì í dá gùn wọ́n. Ẹni tó wà lókè á máa pè, "Ṣé o wà ńbẹ̀?" Ti ìsàlẹ̀ á ní, "Mo wà." Wọ́n ní nígbà mìíràn ohùn kejì a máa dáhùn, ẹni tó bá sì sọ̀kalẹ̀ tọ ohùn náà kì í délé mọ́.

Iléyá ti sún mọ́ nígbà tí baba ọ̀rẹ́ mi Làmídì fẹsẹ̀ rọ́. Làmídì ló gun igi dípò rẹ̀ lọ́dún náà, pẹ̀lú àdá; èmi dúró nísàlẹ̀. Kùrukùru gbé e mì.

"Àwọn àgbà ò kàn fẹ́ kí ẹni ìsàlẹ̀ sùn ni!" ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó pè, mo dáhùn. Ó tún pè. Ẹ̀pà kún mi lẹ́nu, n kò tíì fọhùn.

"Ó dáa, mo gbọ́," ni Làmídì wí.

Mo tu ẹ̀pà nù. "Làmídì! Èmi kọ́ o! Sọ̀kalẹ̀!"

Àdá dákẹ́. Ó ké sísàlẹ̀: "Ẹ̀yin méjì lẹ ń pè mí. Èwo nìwọ?"

Mo pe orúkọ ara mi. Ó ní ẹnìkejì náà pe orúkọ yẹn. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan àfi omi odò. Mo bá figbe ta: "Ìwọ olè! Ta ló jẹ orí ẹja inú ọbẹ̀ àfáà ilé kéwú, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ na ológbò?"

Ó ké padà: "Ìwọ tó lá omi ọbẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ lójú rẹ̀. A kò mú ewé kankan. Baba rẹ̀ wo ojú wa, ó gba àdá lọ́wọ́ Làmídì. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni àgbò jẹ lọ́jọ́ náà.

Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ mi bí àfonífojì ṣe ń dá ohùn padà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì fọhùn sí ìpè kejì nígbà tí ohùn kan dá Làmídì lóhùn.

Àwọn ọdán náà ṣì wà. Kò sẹ́ni tó ń bẹ́ wọn mọ́; ẹ̀ka wọn ti bo ojú ọ̀run, àwọn àgbò sì ń jẹ páálí létí títì. Làmídì kú lọ́dún tó kọjá. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àfáà pẹ̀lú mi. Bí kùrukùru bá gbé mi mì nísinsìnyí, n kò mọ ẹni tí yóò bú mi kí n lè mọ ọ̀nà ilé.