Ṣó-Ti-Le Lé Ìyá Ọkọ Jáde

Ṣó-Ti-Le là ń pe ọ̀gá mi, agbẹ̀bí àgbà, ó sì mọ̀. Bí obìnrin bá ti bímọ tán, tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀ mọ́ ọmọ, ìyá ni tirẹ̀ máa ń kọjú sí. Á gbé ọwọ́ lé e nísàlẹ̀ ìdodo, á tẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Ṣó ti le?" Á wá fa ọwọ́ ìyá ọmọ wá síbẹ̀ kó fi fọwọ́ kan ilé-ọmọ tó le bíi bọ́ọ̀lù lábẹ́ awọ.

Ohun tó fi ń dá wa lágara nìyẹn: ilé-ọmọ kì í ṣe àpò lásán, iṣan tó lágbára ló fi ṣe ògiri. Iṣan náà ló ń fún pọ̀ tó ń ti ọmọ jáde. Bí ọmọ bá jáde tán, iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì parí o. Ó gbọ́dọ̀ tún fún pọ̀, kó pa gbogbo ojú tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé. Bó bá dẹ̀, wàhálà dé nìyẹn.

Ẹnu obìnrin yìí kì í dákẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, síbẹ̀ á máa pa ẹni tó ń rọbí lẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rù rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìkejì yìí ni n kì í jẹ́ kó mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó kan bí àkọ́bí rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Mo gbé póò wá pé kí ìyàwó tọ̀. Ó ṣíjú wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ìtọ̀ ò gbọ̀n mí."

Kò pẹ́ tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì fi pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Ṣó-Ti-Le tẹ ikùn rẹ̀: ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Ó ń fọwọ́ ra á, mo gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú ilé-ọmọ fún pọ̀, àmọ́ bó bá le díẹ̀, á tún dẹ̀. Ètè ìyàwó ti ń funfun.

"Ìyàwó wa, ìgbà wo lo tọ̀ kẹ́yìn?" Ṣó-Ti-Le bi í.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tún ń wò.

Ṣó-Ti-Le kọjú sí ìyá ọkọ. "Mà, ẹ gbé ọmọ jáde."

"Èmi? Kí ló ní tí n ò rí rí?"

"Ojú yín ló ń tì í, mà. Ìtọ̀ tó mú mọ́ra ló kún àpò ìtọ̀ rẹ̀, àpò náà ń ti ilé-ọmọ kúrò láyè ẹ̀, kò jẹ́ kó fún pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kí n bá yín tọ́jú ìyàwó!"

Ilẹ̀kùn ò tíì pa dé tán tí ìtọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú póò bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ìyàwó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ṣó-Ti-Le ń ra ikùn náà lọ, ó sì ń le bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dín kù, ó dá. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọ̀gá mi.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ìyá ọkọ ṣì dúró síbẹ̀, omi lójú.

"Ìyá ọkọ tèmi náà ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ tí mo bí bàbá ọmọ yìí," ó ní. "Èmi náà mú ìtọ̀ mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Àṣé ó yẹ kí n ti sọ pé ojú ń tì mí."

Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó gba póò lọ́wọ́ Ṣó-Ti-Le, ó sì lọ da ìtọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ nù fúnra rẹ̀.