Pẹ́ẹ̀gì Méjì Lẹ́yìn Rédíò Ìyá Mi

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tí ìyá mi fi rọ́nà kúrò nílé mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí kí wọ́n má baà lọ ni mo ṣe ṣe é. Lónìí mo lè fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ni mo kúrò ní Ìkirè wá sí Ìbafọ̀, nígbà tí àwọn ará Èkó ń kọ́lé síbi tí mọ́tò lè dé àti ibi tí mọ́tò ò lè dé. Iṣẹ́ wà dáadáa. Lónìí mo lè wà ní Òkè-Àró, lọ́la kí n wà ní Ìṣẹrì. Èmi àti ìyàwó mi háyà yàrá méjì létí títì márosẹ̀. Tíṣà ni ìyàwó mi ní Èkó, ìdájí ló máa ń jáde. Bí tírélà bá kọjá lójú títì, gbogbo ife inú kọ́bọ́ọ̀dù wa á máa gbọ̀n.

Ọdún kan lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni mo lọ mú ìyá mi wá. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Làkúrègbé ti bá ìka ọwọ́ wọn méjèèjì jà débi pé wọ́n ti tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, wọn kò sì lè fi ìka méjì mú bọ́tìnnì mọ́. Wọ́n ní àwọn á wá ṣe oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ "oṣù díẹ̀" yẹn, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́kàn tèmi, wọ́n ti dé nìyẹn.

Báàgì kan àti rédíò bàbá mi ni gbogbo ẹrù wọn. Ibi tí bátìrì ń wọ̀ nínú rédíò náà ti dípẹtà tipẹ́, omi bátìrì ti jẹ ẹ́. Bàbá mi ti wá to bátìrì gbígbẹ ńlá mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn sínú páálí tí wọ́n ká, wọ́n fi okùn dè é gírígírí, wọ́n sì fa wáyà méjì láti ibẹ̀ lọ lọ́ mọ́ wáyà méjì tó yọ jáde lẹ́yìn rédíò. Láràárọ̀, bí ìròyìn bá ti parí, bàbá mi á tú wáyà náà, wọ́n á gbé bátìrì lọ sá sóòrùn kó lè lágbára. Lọ́sàn-án, wọ́n á tún un so. Ìyá mi ò sì fẹ́ yí àṣà yẹn padà.

Mo jókòó ti ìyá mi, mo fara balẹ̀ ṣàlàyé pé oòrùn kì í dá agbára padà sínú bátìrì gbígbẹ. Mo ní, "Màámi, oníṣẹ́ iná ni mí o."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Bàbá ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ iná, rédíò wọn sì ń sọ̀rọ̀."

Mo ra rédíò tuntun kékeré fún wọn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí, wọ́n sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú páálí rẹ̀. Mi ò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi ni mo wá ń so wáyà náà láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Màá kúnlẹ̀ síwájú tábìlì kékeré tó wà létí bẹ́ẹ̀dì wọn, màá máa lọ́ wáyà, ìyá mi á gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, wọ́n á máa kì mí. Oríkì tí mo ti gbàgbé pé mo ní ni wọ́n ń tú jáde. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, àmọ́ nígbà míì mo máa ń dìídì lọ́ wáyà náà díẹ̀díẹ̀.

Ìyọnu ibẹ̀ ni ọ̀sán. Wọ́n lè fa wáyà yọ, wọ́n sì lè gbé bátìrì síta, ṣùgbọ́n wọn kò lè so ó padà. Ìka tí kò lè mú bọ́tìnnì, báwo ló ṣe fẹ́ lọ́ wáyà? Gbogbo ilé wa ti gba Èkó lọ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí wọ́n lè ké sí. Lọ́jọ́ kan mo dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, rédíò wà lórí ẹsẹ̀ wọn, kò sọ nǹkan kan. Láti àárọ̀ ni. Wọ́n ti bẹ ẹnì kan tó ń kọjá, onítọ̀hún ní, "Mama, ẹ má bínú, mò ń rush."

Ìyá mi ní, "Ọkọ mi, mi ò wá síbí wá máa bẹ ẹni tí mi ò mọ̀ kó bá mi so okùn. Nílé, ẹni tí mo bá pè mọ̀ mí. Tí oṣù yìí bá ti parí, màá lọ."

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún kí oṣù parí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé màá ṣe ohun kan tí Màmá á lè fi ọwọ́ ara wọn ṣí, tí wọ́n á lè fi ọwọ́ ara wọn tì, wọn ò sì ní rídìí láti lọ mọ́. Ìyàwó mi ní kí n má wulẹ̀ pariwo, kí n ṣe é ná.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mú wá ni kílíìpù onírin tó léyín, irú èyí tí àwọn tó ń cháàjì bátìrì mọ́tò ń lò, àmọ́ kékeré. Sípíríǹgì rẹ̀ le. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́ títí, kò là. Mo ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" Ó là díẹ̀, ó sì gé wọn níka jẹ. Ni mo bá bínú. Kílíìpù ni mò ń bínú sí, ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo jágbe mọ́: "Ẹ sáà kàn tẹ̀ ẹ́ ni!" Wọ́n rọra gbé e sórí tábìlì, wọ́n sì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró. Ojú ṣì ń tì mí títí dòní.

Mo tún tú ẹ̀yìn sípíkà àlòkù kan. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ki wáyà bọ̀, pupa kan, dúdú kan. Ahọ́n kékeré kan wà tí wọ́n á tẹ̀ kí ihò tó là. Ahọ́n yẹn kéré jù. Orí ìka ló ń fẹ́, orí ìka ni ìyá mi ò sì ní. Mo wá yọ sípíríǹgì inú báírò, mo fi ṣe tèmi. Ìyẹn là wẹ́rẹ́, a pàtẹ́wọ́, rédíò sọ̀rọ̀. Bí tírélà àkọ́kọ́ ṣe kọjá, wáyà yọ̀, rédíò dákẹ́. Sípíríǹgì tó le á di wáyà mú, ọwọ́ ìyá mi ò ní lè ṣí i. Èyí tó rọ̀, ọwọ́ wọn á ṣí i, kò ní di nǹkan kan mú. Ọjọ́ mẹ́wàá lọ lórí ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo jókòó sẹ́yìnkùlé, inú mi ò dùn, mò ń wo ìyá mi bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ tí wọ́n sá. Pẹ́ẹ̀gì onígi ni wọ́n fi há àwọn aṣọ náà mọ́ okùn. Mo rí i pé wọn kò fi ìka kan pẹ́ẹ̀gì náà rárá. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, níbi tó ti pàdé ọrùn ọwọ́, ni wọ́n fi ń há a láàárín. Wọ́n á fún un pọ̀, pẹ́ẹ̀gì á là, aṣọ á bọ́ sí wọn léjìká.

Mo dìde. Mo ní, "Màámi, ẹ fi ọwọ́ yín tẹ ọwọ́ mi mọ́ ògiri yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe lágbára mọ."

Wọ́n gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ọwọ́ mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì dùn mí. Ọwọ́ tó gúnyán fún mi fún ogún ọdún ni, agbára ṣì wà níbẹ̀ bámúbámú. Láti ọjọ́ yìí wá, rédíò ni mo ti ń wò, mi ò wo ọwọ́ ìyá mi rí. Mo dúró síbẹ̀, mo di ọwọ́ náà mú, mi ò fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ṣé o ń sunkún ni?"

Mo ní eruku ni.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo ṣe é. Mo mú pẹ́ẹ̀gì méjì, mo kan ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ wọn mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, kí ó má baà rìn. Mo gé idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́, mo fi bo ẹnu pẹ́ẹ̀gì náà nínú, lókè àti nísàlẹ̀, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ lẹ wáyà rédíò mọ́ ọn. Ìyá mi á kàn gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ẹnu á là, wọ́n á ki wáyà bátìrì sí i, wọ́n á gbọ́wọ́ kúrò. Ó ku bí wọ́n ṣe fẹ́ di wáyà tín-ín-rín mú. Ìyá mi ló rí ìyẹn ṣe. Wọ́n sún ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán sí mi. "Ki wáyà ẹ gba inú èyí. Ìyẹn tóbi tó fún ọwọ́ mi láti mú." Mo dá ṣùkù náà sí méjì, mo lu ihò sí i láàárín, mo ki wáyà gbà á, mo sì kun ọ̀kan lọ́dà pupa kí wọ́n má baà ṣi í so.

Ọgá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gba ìsopọ̀ kankan wọlé àfi tó bá fà á wò. Mo fa wáyà náà. Ó dúró. Mo dúró de tírélà. Mẹ́ta kọjá, rédíò ò dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọlé láti wá so wáyà bí mo ṣe máa ń ṣe. Rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi ti jókòó, wọ́n ti múra. Wọ́n ní, "Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ, mo ti so ó." Inú mi dùn, ó sì dùn mí. Mi ò rí ìdí kankan láti kúnlẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó kì mí.

Oṣù náà parí, wọn kò lọ. Mo ti ń fọ́nnu fún ìyàwó mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Mo ti rí i pé mo lè dá nǹkan ṣe. Mo fẹ́ lọ sílé."

Mo bínú débi pé mi ò jẹun. Mo ní ṣé ohun tí mo ṣe kí wọ́n lè dúró ni wọ́n fẹ́ gbé lọ? Ìyá mi dúró kí n sọ tẹnu mi tán.

"Mo fẹ́ràn ẹ," ni wọ́n wí. "Bí mo bá jókòó síbí nítorí pé mi ò lè dá wà nílé, ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Ilé bàbá ẹ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣí fèrèsé rẹ̀."

Mo sìn wọ́n dé Ìkirè. Mo kan pákó náà mọ́ tábìlì ní pálọ̀ bàbá mi, mo fa wáyà wò, mo padà sí Ìbafọ̀.

Iṣẹ́ wá gbà mí. Mo ní màá lọ lópin oṣù, oṣù náà á parí, màá tún sún un síwájú. Ó tó oṣù mẹ́jọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ìyá mi fi fóònù aládùúgbò pè mí. Àwọn èèyàn bíi tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní fóònù alágbèéká nígbà náà, ìyá mi sì gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo sí i kí ohùn tó lè dé Ìbafọ̀.

"Sípíríǹgì ẹ ti dẹ̀ o! Rédíò ò sọ̀rọ̀ mọ́! Máa bọ̀!"

Mo ra pẹ́ẹ̀gì tuntun, mo kó irinṣẹ́, mo wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń bá ara mi jà, pé mo gbé irin tí kò dára lé ìyá mi lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n fún mi lómi, mo lọ tààrà sídìí rédíò. Mo tẹ pẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́. Ó le koko. Mo fa wáyà rẹ̀, kò mira. Mo wo ìkejì. Kò sí wáyà lẹ́nu rẹ̀ rárá, òfìfo ni.

Mo ní, "Màámi, sípíríǹgì yìí kò dẹ̀ o."

"Kò dẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n ki ọwọ́ sẹ́yìn ìrọ̀rí àga, wọ́n sì fa ṣùkù pupa náà yọ pẹ̀lú wáyà rẹ̀. "Iṣẹ́ ẹ ló dára jù. Mo dúró títí kó bàjẹ́, kó lè mú ẹ wá. Kò bàjẹ́. Ni mo bá yọ ọ́."

Wọ́n na ṣùkù náà sí mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú tábìlì, mo tẹ pẹ́ẹ̀gì, mo sì ki wáyà bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ó tó wọlé tán, ọwọ́ ìyá mi ti bà lé mi lẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí láti ìbẹ̀rẹ̀.