Àwo Ìtún Tó Gba Igbó Wa Là

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, igbó ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Igbó gidi ni, igi óòkù ńláńlá, ẹ̀gún àti ẹyẹ, kò jìnnà sí Rye Lane tí a ti ń ra iṣu. Daddy ló ni ín. Ọmọ tó bá ṣẹ́ ẹ̀ka níbẹ̀ yóò kúnlẹ̀ fún igi náà, yóò sì bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá. Daddy á dúró tì í bí ẹni pé igi ń ro ẹjọ́ náà wò.

Uncle Délé, ẹ̀gbọ́n Daddy, fẹ́ kí a gé gbogbo rẹ̀, ká fi kọ́ fúláàtì. Daddy sáré ké sí ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo igbó. Bí wọ́n bá gbà, àwọn àti Daddy yóò jọ tọwọ́ bọ àdéhùn pé kò sẹ́ni tó máa gé igi ibẹ̀ láéláé, títí kan òun fúnra rẹ̀ àti ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rí: ìdin kòkòrò kan tó ti ṣọ̀wọ́n, tí akọ rẹ̀ máa ń ní ìwo bíi ti àgbọ̀nrín tó bá dàgbà. Inú igi jíjẹrà ló ń gbé, ó lè lò ju ọdún mẹ́ta lọ níbẹ̀.

Ìyáàfin tí wọ́n rán wá tú ìtì igi wò títí, kò rí nǹkan kan.

Uncle Délé bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé mi ò sọ fún ẹ? Eku nìkan ló wà níbẹ̀!"

Àfi bí Màmá Àgbà, ìyá Daddy, tó ti Ìkálẹ̀ wá kí wa, ṣe gbé àwo jáde láti kíṣìnì. Lọ́dọ̀ tiwọn, àlejò kì í lọ láìfẹnu kan nǹkan. Ìtún ni wọ́n dín, ìyẹn ìdin inú ọ̀pẹ tí wọ́n ń jẹ nílé.

"Ọmọ mi, jẹun. Inú igi yẹn ni mo ti kó o láàárọ̀. Àmọ́ ìtún òyìnbó mà lẹ́sẹ̀ o!"

Daddy káwọ́ lórí. Ìtún kì í lẹ́sẹ̀. Mẹ́fà ni èyí ní, orí rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn. Ìyáàfin náà fi tíṣù mú ọ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá ń sunkún, ló ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn ni! Àwọn ni!"

Uncle Délé ní, "Ọbẹ̀ ló wá di ẹ̀rí nílùú yìí?"

Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn. Nítorí Màmá Àgbà, wọ́n fi kún un pé a kò gbọdọ̀ dín ohunkóhun tó bá ti inú igbó náà wá.

Lónìí, fúláàtì ti yí wa ká, èmi ni mo jogún igbó náà, kò sì sí igi tó dínkù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìkan ló yàtọ̀. Ọmọ mi ṣẹ́ ẹ̀ka lọ́jọ́ kan, mo ní kó kúnlẹ̀. Ó ní, "Daddy, igi òyìnbó ni, kò gbọ́ Yorùbá."

Mo ní, "Kúnlẹ̀ jàre. Láti kékeré mi ló ti ń gbọ́ ọ."