Ohùn Ṣéóńtàn

Ṣéóńtàn ni gbogbo wa ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa bi àwọn èèyàn lórí tẹlifóònù pé ṣé iná ń tàn.

Iná yẹn kì í ṣe iná mànàmáná. Iná kékeré aláwọ̀ ewé ni, lójú àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ ìjọba tí à ń bá ṣiṣẹ́ máa ń gbé sílé oníbàárà. Bó bá ń tàn, ìlà dára. Bí kò bá tàn, ìlà ti kú. Iléeṣẹ́ wa nìkan ló ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí tiwa kò bá tẹ́ lọ́rùn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa fi jíṣẹ́.

Yàrá wa wà lókè pátápátá. Kò ní fèrèsé, nítorí àwọn ẹ̀rọ kò fẹ́ eruku. Wọ́n ń kùn bí agbọ́n tọ̀sán-tòru. Wáyà àdúgbò kọ̀ọ̀kan wà lára ògiri, a sì lẹ bébà kékeré mọ́ ọn tó ń sọ ibi tó lọ. Tábìlì Ṣéóńtàn ló sún mọ́ ògiri jù. Tèmi kọjú sí tirẹ̀. Bí mo bá gbójú sókè, òun ni mò ń rí.

Ó máa ń bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó sì máa ń da súwẹ́tà bo èjìká nítorí òtútù. Kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ọmọ rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí wọn kò tíì já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, ẹ̀yìn Ṣéóńtàn ló sì dàgbà sí. Àbúrò náà ti di agẹrun báyìí, ní àdúgbò Orí Òkè. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń pé jọ síbẹ̀ láti ka ìròyìn. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí ìlà rẹ̀ bá kú, kì í pe ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń pè.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa. Kí a tó yọ wáyà àdúgbò kan fún àtúnṣe, a gbọ́dọ̀ pe ilé kan níbẹ̀. A ó bi wọ́n pé ṣé iná ń tàn, a ó yọ wáyà, a ó tún bi wọ́n. Bẹ́ẹ̀ la fi ń mọ̀ pé kì í ṣe wáyà ilé ìwòsàn la fà yọ. Ṣéóńtàn ló ń pè wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, àtúnṣe pọ̀ sí i. Ọ̀gá wa á gòkè wá, á dárúkọ àdúgbò, kò ní sọ ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ṣéóńtàn á pè, á yọ wáyà. Lọ́jọ́ kejì a ó dá a padà. Bó bá wá pe ilé kan níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá iná ti dé, nígbà mìíràn kò ní sẹ́ni tó máa gbé e. Lóde, a máa ń gbọ́ pé àwọn ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà wá síbẹ̀ nígbà tí ìlà kú, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi àwòrán wọn ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú yàrá wa.

Àbúrò rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó wá kí i lọ́jọ́ kan, ó yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n mi wí. Bó bá ti lè pe ilé kan pé ṣé iná ń tàn, gbogbo àdúgbò á gbé báàgì. Ohùn rẹ̀ ti di fèrè ọdẹ."

"Panu mọ́," Ṣéóńtàn wí.

"Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ o. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí, Àǹtí, bàtà mi ni mo máa kọ́kọ́ wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣéóńtàn kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà kò bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́. Bó bá pè pé ìlà kú, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Pa á, kó o tún un tàn."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá gòkè wá. Ó dúró sẹ́yìn àga Ṣéóńtàn.

"Orí Òkè," ó ní.

"Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀, sà?"

"Àtúnṣe ni."

Ṣéóńtàn nawọ́ sí tẹlifóònù. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"A ò ní pè wọ́n lónìí."

"Òfin ni, sà. Bó bá lọ jẹ́ ilé ìwòsàn—"

"Wọ́n ní ibi tó o bá ti pè, ilé òfìfo làwọn máa ń bá. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Yọ ọ́."

Mo wo ọrùn rẹ̀. Òógùn ti bò ó, nínú òtútù yẹn. Ó yọ wáyà Orí Òkè. Ọ̀gá kò lọ. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"A jọ máa wà níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń jáde."

Tẹlifóònù tábìlì dún. Iléeṣẹ́ mìíràn ló ni tẹlifóònù, wọn kò tíì yọ tiwọn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó.

"Gbé e," ọ̀gá wí. "Tẹ bọ́tìnnì, kí ohùn rẹ̀ jáde síta."

"Àǹtí, ó ti kú o!" Ẹ̀rín àwọn èèyàn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Mo gẹ orí ẹnì kan dé ìdajì, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ìròyìn kí n tó kan ìdajì kejì. Ṣé eku tún ti jẹ wáyà yín ni?"

Ṣéóńtàn sún mọ́ tẹlifóònù.

"Ẹ káàsán, sà," ó ní. "Ṣé iná ń tàn?"

Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìgẹrun tó ń kùn lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò kùn mọ́.

"Àǹtí..."

"Mo ní ṣé iná ń tàn, sà?"

"Kò tàn, mà. Ẹ ṣé, mà."

Ó gbé e sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ta nìyẹn?" ọ̀gá bi í.

"Oníbàárà ni, sà."

"Ó pè ọ́ ní Àǹtí."

"Gbogbo wọn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀," mo wí. Irọ́ ni. Mo ti dàgbà tó láti bí i.

Ọ̀gá kò wò mí. Ó tẹ nọ́ńbà tó pè gbẹ̀yìn. A ń gbọ́ bó ṣe ń dún lórí òkè lọ́hùn-ún. Ó dún títí ó fi já. Ó tún pè. Ó tún dún.

"Orí èèyàn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìdajì," ọ̀gá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò sì lè gbé tẹlifóònù."

Ṣéóńtàn ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ojú rẹ̀ rọ̀, bíi ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ.

Ọ̀gá yọ fóònù tirẹ̀ lápò. "Ẹ gòkè wá," ó sọ fún ẹnì kan.

Ìró ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọn kò yára. Ṣéóńtàn fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó wọ̀ ọ́. Ó ki apá bọ súwẹ́tà, ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi dá wáyà yẹn padà lọ́la," ó ní. "Ẹ má gbàgbé láti pè wọ́n."

Ó dìde, ó ti àga rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ó sì jáde kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.